Yíyọ aboyún kúrò nínú rìsáàṣì kì í ṣe ààbò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ruth Faden, tó dá Berman Institute, ilé ẹ̀kọ́ bioethics (ẹ̀kọ́ nípa ohun tó tọ́ àtohun tí kò tọ́ nínú ìṣègùn àti rìsáàṣì) ti Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, sílẹ̀ lọ́dún 1995, ohun tí mo rí kọ́ lára obìnrin yẹn ni pé èèyàn lè fi orúkọ ààbò rẹ́ ẹlòmíì jẹ.

Ní 1994 ni Ààrẹ Clinton fi Faden ṣe alága ìgbìmọ̀ tó tú fáìlì ìjọba Amẹ́ríkà wò, kí aráyé lè mọ ohun tí wọ́n fi rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán tó lè ṣe ara léṣe, ṣe sára àwọn èèyàn láti 1944 sí 1974. Èèyàn 18 ni wọ́n gún ní plutonium, èròjà kan tó ní rédíéṣọ̀n. Ní iléèwé Fernald ní Massachusetts, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí wọ́n sọ pé orí wọn ò pé sí, wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin jọ, wọ́n ní ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ni, wọ́n ń mú wọn lọ wo bọ́ọ̀lù, àfi bó ṣe jẹ́ pé irin àti kálísíọ̀mù tó ní rédíéṣọ̀n ló wà nínú oúnjẹ àárọ̀ wọn, lẹ́tà tí wọ́n sì kọ sáwọn òbí ò dárúkọ rédíéṣọ̀n rárá! Ní Vanderbilt, ní Nashville, àwọn aboyún tó lé ní 800 ló mu irin tó ní rédíéṣọ̀n. Ṣé ẹ rí irú ẹni tí wọ́n ń mú? Aláìsàn, tálákà, ọmọ tí kò lẹ́nì kan. Ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ wọn jáde ní October 3, 1995, Clinton sì tọrọ àforíjì ní gbangba, àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ O.J. Simpson, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, ìyẹn ló gba gbogbo ìròyìn kan. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹni tó bá rí irú nǹkan wọ̀nyí, tó bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kan aboyún mọ́ láéláé, ta ló máa bá a wí? Faden ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2008 òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, Anne Lyerly àti Margaret Little, kọ̀wé pé ó yẹ kí aboyún wà nínú rìsáàṣì, kí wọ́n kàn ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ wò ó, aboyún ń ṣàìsàn bíi tàwa yòókù, ẹ̀jẹ̀ ríru, wárápá, ibà, ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì ń lo oògùn sí i. Ẹ̀jẹ̀ ara wọn ń pọ̀ sí i, kíndìnrín wọn ń yára fọ oògùn dànù, torí náà ìwọ̀n tó tó obìnrin kan kó tó lóyún lè má tó o mọ́ tó bá ti lóyún, dókítà á wá máa méfò. Ìdánwò ṣì ni ìyẹn jàre, kò kàn sẹ́ni tó ń kọ èsì ẹ̀ sílẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní thalidomide, oògùn táwọn aboyún ń lò fún èébì láyé ọjọ́sí, ńkọ́? Ṣebí wọn ò dán ìyẹn wò dáadáa fún oyún kí wọ́n tó gbé e sọ́jà, inú ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ti wá mọ̀ pé ó ń ba ọmọ inú jẹ́.

Nínú ìwé tí Faden àti ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ Madison Powers kọ ní 2006, ìlera nìkan kọ́ ni wọ́n ní ìdájọ́ òdodo ń bójú tó, ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, kéèyàn lè pinnu nǹkan fúnra ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti lóye ọ̀rọ̀ aboyún yìí.

Nígbà tí Ebólà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlà oòrùn Congo ní 2018, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, wọn ò kọ́kọ́ fún aboyún, àfi ìgbà tó di 2019, bẹ́ẹ̀ aboyún tí Ebólà bá mú, ọmọ inú ẹ̀ kì í sábà yè. Kòrónà dé ní 2020, wọ́n tún yọ wọ́n kúrò nínú ìdánwò àkọ́kọ́, àwọn nọ́ọ̀sì tó lóyún wá ń dá pinnu fúnra wọn bóyá káwọn gbà á àbí káwọn má gbà á. Bẹ́ẹ̀ Faden àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti gbé ìlànà jáde láti 2018 pé kí wọ́n máa ka aboyún mọ́ ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ yọ wọ́n sílẹ̀ wá sọ ìdí ẹ̀. Èmi fara mọ́ ọn pátápátá. Kí àwọn tó ń fún rìsáàṣì lówó máa béèrè ìdí yẹn lọ́wọ́ wọn kí owó tó jáde.