Daura Ti Lọ, Òfin 1986 Ṣì Wà Níbẹ̀

Ó tọ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ Adelé Ààrẹ nígbà náà, ṣe yọ Lawal Daura, ọ̀gá àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS, nípò, ó sì dára pé kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kó tó yọ ọ́. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó daṣọ bojú, tí wọ́n gbé ìbọn dúró lẹ́nu géètì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Abuja ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 2018, tí wọn ò jẹ́ kí àwọn tí aráàlú dìbò yàn wọlé síbi iṣẹ́ wọn, kò sí àwíjàre kankan fún wọn.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ tí a rí káàkiri nígbà náà kò yé wa. Ọ̀gá kan lọ, Matthew Seiyefa dúró gẹ́gẹ́ bí adelé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Òfin ológun 1986 tó fún Daura lágbára wà níbi tó wà. Àwọn aṣòfin tó yẹ kó máa bi ilé-iṣẹ́ DSS léèrè ọ̀rọ̀ náà wà níbi tí wọ́n wà, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán.

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, àjà ló wà fún ìyàwó. Ní oṣù Kẹwàá 2016, òru ni DSS lọ ká àwọn adájọ́ mọ́lé, títí kan adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí. Ariwo pọ̀ nílé aṣòfin nígbà náà. Lẹ́yìn ariwo, Daura jókòó sípò rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì sí i. Sambo Dasuki, olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò tẹ́lẹ̀, wà ní àhámọ́ wọn láti 2015 títí di 2019. Bóyá ó jẹ̀bi ẹ̀sùn owó ohun ìjà tàbí kò jẹ̀bi, adájọ́ ni yóò sọ. Àmọ́ léraléra ni kóòtù ti fún un ní béèlì, kóòtù ECOWAS náà sì ti sọ ní 2016 pé àtìmọ́lé rẹ̀ kò bófin mu. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni adájọ́ ní kí wọ́n tú El-Zakzaky, olórí ẹgbẹ́ Ṣíà, àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 45. Nígbà tí Daura fi lọ ní 2018, wọn ò tíì tú wọn sílẹ̀. Jones Abiri, oníròyìn tí wọ́n mú ní Yenagoa ní oṣù Keje 2016, oṣù Keje 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé iwájú adájọ́. Ìgbà tí ìbọn dé ẹnu géètì tiwọn ni àwọn aṣòfin wa wá mọ̀ pé ìjọba tiwa-n-tiwa wà nínú ewu.

Àbí wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ Ibrahim Magu, adelé ọ̀gá EFCC nígbà náà, ni? Ìwé méjì tó ta kora ni DSS kọ nípa ọkùnrin kan ṣoṣo. Ilé aṣòfin àgbà mú èyí tó bá wọn lára mu, wọ́n sì fi ta ọ̀gá EFCC nù lẹ́ẹ̀mejì. Ilé-iṣẹ́ tó bá lè kọ irú ìwé méjì bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n pè wá rojọ́.

Kì í ṣe DSS nìkan. Nígbà tí EFCC rí mílíọ̀nù 43.4 dọ́là nínú ilé kan l'Osborne, n'Íkòyí, ní oṣù Kẹrin 2017, NIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ní tàwọn ni. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde, ìgbìmọ̀ jábọ̀, ọ̀gá NIA kúrò nípò, aráàlú kò sì rí àbọ̀ náà kà títí Daura fi lọ. Èwo nínú àwọn aṣòfin tó ń buwọ́ lu ìṣúná àjọ yìí lọ́dọọdún ló mọ̀ pé irú owó bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé gbígbé? Lọ́dún yẹn kan náà ni ìwé ìròyìn gbé e jáde pé nínú ọ̀dọ́ 479 tí DSS ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, 51 wá láti Katsina, ìpínlẹ̀ Daura, tí 7 péré sì wá láti Èkó. Wọ́n jẹ ẹ́ gbé.

Ìwé ìròyìn yìí ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a ó tún un sọ: òfin tó dá DSS, NIA àti DIA, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àwọn ológun, sílẹ̀, òfin ológun ni. Babangida ló ṣe é ní 1986, nígbà tí kò sí aṣòfin kankan tó lè béèrè ohunkóhun. Òun náà la ṣì ń lò. Mínísítà eré ìdárayá gbọ́dọ̀ dúró níwájú ilé aṣòfin àgbà kó tó gba ipò. Ọ̀gá DSS, tó lè ti ènìyàn mọ́lé fún ọdún méjì, Ààrẹ nìkan ló ń yàn án, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọn yóò sọ pé òfin náà le láti tún ṣe. Òótọ́ ni: abala 315 ìwé òfin 1999 fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ó di kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 sì tẹ̀ lé wọn. Àmọ́ abala 88 àti 89 kò nílò àtúnṣe kankan. Wọ́n fún aṣòfin lágbára láti wádìí ilé-iṣẹ́ ìjọba, láti pe ẹnikẹ́ni, àti láti ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó bá kọ̀ tí kò wá. Kò síbi tí wọ́n ti yọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò lò ó ni.

A mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ gbangba. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó ń ta wọ́n lólobó nípa Boko Haram síta. Gúúsù Áfíríkà ṣòfin tirẹ̀ ní 1994, ní kété tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà: ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo fún ilé méjèèjì, tó ń jókòó níkọ̀kọ̀, tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe náwó, àti ọ̀gá àyẹ̀wò kan tí ilé aṣòfin ló ń fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀. Irú rẹ̀ la fẹ́. Kí ilé aṣòfin àgbà máa yẹ ọ̀gá DSS àti NIA wò kí wọ́n tó wọlé. Kí ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ kóòtù mọ̀ pé òun yóò wá ṣàlàyé fún ènìyàn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì.

Ó ti sú wa láti máa kọ ọ́. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 2018 ni ilé aṣòfin àgbà dá pé àwọn yóò padà láti ìsinmi. Ohun tí a fẹ́ nígbà náà ni pé lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé, kí ariwo ìbò 2019 tó gbé wọn lọ, kí a rí àbádòfin fún irú àyẹ̀wò yìí lórí tábìlì, kí a sì rí orúkọ Seiyefa nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pè wá dáhùn ìbéèrè nípa Dasuki, El-Zakzaky àti Abiri.