Bẹ́líìtì dúdú kì í ṣe okígbẹ́

Sátidé tó kọjá yìí, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ládùúgbò wa ní Sùúrùlérè, mo ń dúró kó kàn mí, ni bọ̀dá kan bá yọ fóònù jáde tó ń fi fídíò kan hàn wá. Òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó de bẹ́líìtì dúdú, ẹnì kan na ọ̀bẹ sí i, ó gbá ọwọ́ yẹn mú, ó lọ́ ọ, ọ̀bẹ já bọ́, onítọ̀hún lulẹ̀ gbì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo yéè. Bọ̀dá wá ní ọmọ òun obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Unilag, òun sì ti sanwó kàrátè oṣù mẹ́ta fún un, pé láti ìsinsìnyí lọ kò sí ọmọ ìta tó máa fi ọ̀bẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ dákẹ́ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, torí kò síbi téèyàn ò ti ń gbọ́ ọ, nínú dánfó, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìnáwó, "ẹni tó bá ti mọ kàrátè, ọ̀bẹ ò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀". Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Kẹ́nì kan má sì sọ pé ojo ló ń da mi láàmú. Ọmọ Ọ̀fà ni ìyá mi, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, ni mo ṣe, láti 2010, ní Yábàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mo gba bẹ́líìtì búráùn, èyí tó kángun sí dúdú, mo sì ti gbé àwọn tó tóbi jù mí lọ ṣánlẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ títí dòní.

Lọ́dún 2016, ó ti ń lọ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, mo ń gba abẹ́ bíríjì kọjá. Ọmọkùnrin kan yọ sí mi, ó rí tín-ín-rín, tó bá jẹ́ pé orí máàtì la ti pàdé ni, ká má tíì ka mẹ́wàá tí màá ti gbé e ṣánlẹ̀. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà lásán ló mú dání. "Ẹ̀gbọ́n, fóònù." Ohun tí mo ti ń kọ́ láti ọdún mẹ́fà dìde fúnra ẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbá ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú. Ẹ gbọ́ o, mo mú un! Mo mú un bí kóòṣì ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Ọmọ yẹn ò bá mi jàjàkadì kankan, ńṣe ló fa ọwọ́ ẹ̀ padà fìrì, bí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ kan ìkòkò gbígbóná, òógùn ti wà lọ́wọ́ wa, ọwọ́ ẹ̀ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀bẹ gba àtẹ́lẹwọ́ mi kọjá. Ibi tí mo ti ń ronú ohun tó kàn, ẹnì kejì tí mi ò tiẹ̀ rí tẹ́lẹ̀ ti gbá mi lọ́rùn látẹ̀yìn. Fóònù lọ. Mi ò mọ̀ pé mo fara gbọgbẹ́ àfìgbà tí mo wọ ọkọ̀ míì tí mo na owó sí kọ̀ndọ́, ó wò ó, kò gbà á, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti mu owó yín." Abẹ́rẹ́ méje ni wọ́n fi rán ọwọ́ yẹn, ìka kan níbẹ̀ ò sì tíì ká dáadáa dòní.

Nígbà tó jinná, mo lọ bá kóòṣì, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo débẹ̀, ó ti pe ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ọmọ ọdún méjìdínlógún, kò dé orí máàtì rí láyé ẹ̀, ó fún un ní máákà pupa, ó ní "Ọ̀bẹ nìyẹn, bọ̀dá yìí fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ, má jẹ́ kó gbà á." Ìgbà mẹ́wàá la ṣe é. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, mo wo ara mi: ìlà kan lọ́rùn, mẹ́rin níkùn, ọ̀kan lábẹ́ abíyá, ọwọ́ méjèèjì sì pọ́n bí ẹni tó ń po epo. Nínú mẹ́wàá yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gba máákà, kí n sì tó gbà á nínú méjèèjì yẹn, ó ti kùn mí. Àgbà kan tó ti gba bẹ́líìtì dúdú tipẹ́ ní kí àwa èwe yà fún òun. Òun gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìlà pupa gbọọrọ lọ́nà ọ̀fun. Ọmọ mẹkáníìkì yẹn wá ń bẹ̀bẹ̀, ó ní àwa la máa fọ síńgílẹ́ẹ̀tì o, kì í ṣe òun. Ẹ dẹ̀ lè dán an wò nílé yín lónìí, owó máákà ò tó owó kàrátè oṣù mẹ́ta.

Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn dáadáa. Ẹni tó mú ọ̀bẹ gún un lẹ́ẹ̀kan, ó wá fi ọwọ́ sílẹ̀ gbalaja bí ẹni tó ń dúró gba ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ndọ́. Ta ló ń gún èèyàn báyẹn? Ẹni tó fẹ́ gún ẹ á fi ọwọ́ kejì di aṣọ ẹ mú, á wá máa gún ẹ lọ gún ẹ bọ̀ bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, bó o bá sì rí ọ̀kan mú, mẹ́ta ti wọlé. Nínú júdò gan-an, tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 1882, inú kátà nìkan lọ̀bẹ wà, ìyẹn eré tí ẹni méjì jọ mọ ìgbésẹ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ò ní rí i níbi tí wọ́n ti ń gbá ara wọn mú lóòótọ́. Kódà orúkọ tí wọ́n ń pe bẹ́líìtì dúdú àkọ́kọ́, shodan, ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ló túmọ̀ sí. Àwọn tó ni í pè é ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin pè é ní okígbẹ́.

Ká tiẹ̀ fi ọwọ́ lásán sílẹ̀. Ọlọ́pàá kan wà ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, Dennis Tueller lorúkọ ẹ̀, òun ló kọ ọ́ lọ́dún 1983 pé ẹni tó mú ọ̀bẹ tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 21 sí ẹ á sáré dé ara ẹ láàárín nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdì 1.5, iye àkókò kan náà tí ọlọ́pàá tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa fi yọ ìbọn nínú àpò tí á sì yìn ín. Ẹsẹ̀ bàtà 21 gùn ju dánfó kan lọ o! Ẹni tó ní ìbọn nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo àyè yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀bẹ ṣì bà á. Ọmọ ìta tó wà lábẹ́ bíríjì wá ńkọ́, tí ẹ̀ ń gbọ́ òórùn ẹnu ẹ̀, tí ẹ ò tiẹ̀ ní rí ọ̀bẹ yẹn títí á fi kàn yín lára?

Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Pé sójà ń kọ́ ọ. Ẹ wo ohun tí sójà gbé kọ́ èjìká lọ sójú ogun, ṣé ọwọ́ lásán ni? Pé Royce Gracie, oníjà ọmọ Brazil yẹn, kéré lára, ó sì ju àwọn sànmọ̀rí mọ́lẹ̀ ní UFC àkọ́kọ́, ìdíje ìjà àwọn Amẹ́ríkà, ní Denver lọ́dún 1993. Òótọ́ ni, mo wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹnì kan sí ẹnì kan, rẹfirí wà níbẹ̀, kò sọ́bẹ, kò sí ọ̀rẹ́ tó sá pa mọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò pẹ́, ní 1997, tí UFC fúnra wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn oníjà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n ara. Àwọn tó ń fi ìjà jẹun nìyẹn o, wọn ò fẹ́ kí ẹni kílò 60 bá ẹni kílò 100 jà. Ọmọ yín kílò 52 ni ẹ wá ń rán lọ.

Ó dáa, mo gbà pé ìwádìí kan wà, yunifásítì mẹ́ta ní Kánádà, ó jáde ní 2015, wọ́n fi wákàtí 12 kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ìfipábánilòpọ̀ láàárín wọn sì dín kù sí nǹkan bí ìdajì ti àwọn tí wọn ò kọ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tètè fura, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ líle sí ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa, ló gba ọ̀pọ̀ nínú wákàtí yẹn, ìjà kàn jẹ́ apá kan ni, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn láti gba ọ̀bẹ lábẹ́ bíríjì. Tó bá wá jẹ́ pé ìwọ gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé lọ, kì í ṣe fóònù, ẹ̀n-ẹ́n, jà, fi ọwọ́ méjèèjì di apá ọlọ́bẹ yẹn mọ́ àyà, fi eyín gé e, kígbe, ó sì yẹ kó o ti mọ̀ pé o máa gbọgbẹ́. Tó bá jẹ́ fóònù, ju fóònù sápá kan, kó o sá gba apá kejì. Òògùn àféèrí tí mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe ń ro gbogbo èyí fún bọ̀dá yẹn, ó ń mi orí, ó ní òun kọ́ kàrátè díẹ̀ nígbà tóun wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ní ẹ dìde, sà. Mo gba kóòmù lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, mo tì í bọ inú agolo páúdà, mo ní ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Kí ẹ tó ka márùn-ún, páúdà ti tò sí ikùn ẹ̀ àti lábẹ́ àgbọ̀n, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn etí tí èmi náà ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tún pariwo yéè. Bọ̀dá ń gbọn páúdà lára, ojú ẹ̀ ti korò, ó ní ìwọ ọmọ yìí, òjóóró lo ṣe, o ò ṣe é bí ti inú fídíò, o ò dúró kí n kọ́kọ́ mú ọwọ́ ẹ.