Èsì wa sí oníbàárà tó ra kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. A rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí ẹ fún wa, a dúpẹ́. Ẹ ní kẹ̀kẹ́ náà wúwo láti gbé gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín ní OAU, ẹ ní àárín rẹ̀ ń dún, ẹ sì fẹ́ kí a fi onítáyà ínǹṣì 16 pààrọ̀ rẹ̀, irú Brompton tí ọ̀rẹ́ yín gbé ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀.

Ó wúwo lóòótọ́. Irin ni férémù rẹ̀, kílò 13 ni, a sì ti sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Irin tó bá sán, wẹ́dà àdúgbò á jó o padà. Alumíníọ̀mù kì í ṣe ohun tí gbogbo wẹ́dà lè jó.

Ọ̀rọ̀ táyà gan-an ló mú wa dúró lórí ínǹṣì 20. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ẹ óò rí 406 níbẹ̀, ìyẹn ìbú ríìmù tí táyà náà máa wọ̀, ní mìlímítà. Òun náà ni kẹ̀kẹ́ BMX àwọn ọmọdé ń lò, nítorí náà kò ṣòro rà. (20 mìíràn wà tí wọ́n kọ 451 sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín, kò ní wọ̀ ọ́.) Kẹ̀kẹ́ gidi ni ti ọ̀rẹ́ yín, bí ẹ bá sì ká a, ó kéré ju tiwa lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n 349 ni táyà rẹ̀, 305 sì ni 16 ti àwọn ọmọdé tó wà lọ́jà. Bó bá ya, ẹ óò máa wá ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ nìyẹn.

Dídún yẹn ló ká wa lára jù. Nínú fọ́tò tí ẹ fi síbẹ̀, òpó ìjókòó ti yọ kọjá ìlà tí wọ́n fà sí i lára. Ẹ ga, ó yé wa. Ṣùgbọ́n inú férémù ló yẹ kí ìlà yẹn wà, kí ojú má rí i. Bó bá ti yọ síta, gbogbo ìwọ̀n yín ń fa ẹnu páìpù ya díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé oríkèé àárín, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń ká, kò mọwọ́mẹsẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ nu iyanrìn inú rẹ̀, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí i. Bí ìka kan ṣoṣo bá lè ti ọwọ́ rẹ̀ pa, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dẹ̀.

Òpó gígùn wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágéré. Owó òpó nìkan lẹ óò san, a kò ní gba owó iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún wá o. Ẹ ká a sí búùtù ọkọ̀.