Ẹni Tó Ní Kóńgò Méjì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní yunifásítì bi mí ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá gbà pé rere jẹ́ rere, tí ibi sì jẹ́ ibi, láìka ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tàbí tí kò fẹ́ sí, ǹjẹ́ ìyẹn ń tọ́ka sí i pé Ọlọ́run wà? Ọjà la ti ń bọ̀ nígbà tó béèrè, ọ̀rọ̀ kóńgò ló sì fà á.

Ẹ̀wà la fẹ́ rà ní ọjà kan nínú Ìlọrin níbí. Bí obìnrin tó ń tà á ṣe ń wọ̀n fún àwọn tó ṣáájú wa, ìyá àgbà kan na ọwọ́, ó gba kóńgò náà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì fi ìka kan ìdí rẹ̀. Wọ́n ti lu ìdí kóńgò náà wọnú débi pé ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan yóò gba inú kòtò náà. Kóńgò mìíràn wà lábẹ́ tábìlì, tí ìdí tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Òun ni obìnrin náà fi ń rajà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ẹ̀wà wá. Tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ o.

Ohun tó yà mí lẹ́nu kì í ṣe ìrẹ́jẹ náà, nítorí a ti rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nígbà tí ariwo ta ni. Kò béèrè pé kí ló burú níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rà á, ìyá, ẹ má bínú, mo máa ṣe èènì sí i." Ẹni tó ń wá àwáwí ti gbà pé òfin kan wà tí òun rú. Ẹni tó sì ní kóńgò méjì mọ èyí tó pé ju gbogbo wa lọ, nítorí bí kò bá mọ̀ ọ́n, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí yóò fi rà àti èyí tí yóò fi tà? Irú àwọn ènìyàn yìí gan-an ni Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì bá wí, àwọn tí ń gbà á kún lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n tí ń dín in kù nígbà tó bá kàn wọ́n láti wọ̀n fún ènìyàn. Ìyá mi, tó jẹ́ Ìgbómìnà tó sì jẹ́ onígbàgbọ́, á ní ó wà nínú ìwé Òwe náà, orí 20 ẹsẹ 10.

Ọmọ náà kò gbà. Ó ní, "Dádì, àdéhùn lásán ni kóńgò fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbé e sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run." Ó ní bí àwọn baba ńlá ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀, àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ ló yè, tí wọ́n bímọ, ohun tó sì gbà wọ́n là ni àwa ọmọ wọn ń pè ní rere. Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni, mi ò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ kan ṣe dé ọ̀dọ̀ wa yàtọ̀ sí bóyá òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ẹrú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ń ta ènìyàn lọ́jà nílùú wa yìí náà, ọba mọ̀, ìjòyè mọ̀, àwọn olùfọkànsìn náà rà, wọ́n sì tà. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣòògùn ní 1821, àdéhùn wà láàárín àwọn tó kó o àti àwọn tó rà á. Bí àdéhùn bá ni gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé kò sí aburú kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò lè sọ ìyẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì lè sọ ọ́.

J. L. Mackie, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Ọsirélíà, fi ìgboyà sọ ọ́ nínú ìwé kan ní 1977 pé kò sí rere kankan tó dá dúró fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1982 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ yìí gbà pé bí irú rere bẹ́ẹ̀ bá wà lóòótọ́, yóò mú kí wíwà Ọlọ́run túbọ̀ ṣeé gbà gbọ́. Ibi tí èmi náà dúró sí nìyẹn. Mi ò pè é ní ẹ̀rí tó parí ẹjọ́. Ipasẹ̀ ni mo pè é.

Ibi tó ti le fún àwa tó gba Ọlọ́run gbọ́ ni ìbéèrè tí Plato, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àtijọ́, gbé sí Socrates olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu ní ilẹ̀ Gíríìkì: ṣé nítorí pé ohun kan dára ni Ọlọ́run ṣe fẹ́ràn rẹ̀, àbí fífẹ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sọ ọ́ di dídára? Àwọn àfáà wa tí wọ́n kọ́ ìmọ̀ al-Ash'ari, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kú ní nǹkan bí ọdún 936, mọ ìjà yìí dáadáa. Àwọn Mu'tazila, ìyẹn ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù mìíràn, ní làákàyè lè mọ rere fúnra rẹ̀. Al-Ash'ari ní àṣẹ Ọlọ́run ló ń sọ ohun di rere. Ní tèmi, mo rò pé rere kì í ṣe òfin tó wà lókè Ọlọ́run, kì í sì í ṣe àṣẹ tó lè yí padà lọ́la. Ìwà Rẹ̀ gan-an ni. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lè tún béèrè pé kí ló mú kí ìwà náà dára, ìdáhùn mi sí ìyẹn kò sì tíì tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn.

Ohun tí mi ò fara mọ́ rárá ni wáàsí àwọn tó ń sọ pé ẹni tí kò gbàgbọ́ kò lè mọ rere. Súrà kọkànléláàádọ́rùn-ún ní Ọlọ́run fi ìmọ̀ ibi àti ìmọ̀ ìbẹ̀rù Rẹ̀ sínú ẹ̀mí. Kò sọ pé ẹ̀mí mùsùlùmí nìkan. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ obìnrin yẹn náà la kúkú ti ra ẹ̀wà, kóńgò tó pé la sì fi wọ̀n ọ́n. A ti rìn jìnnà kí ọmọ náà tó ka ṣéńjì, ó sì rí i pé nínú ariwo yẹn, obìnrin náà ti fún un ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lé. Ó padà nínú oòrùn, ó lọ dá a padà fún un. Nígbà tó dé, mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tó fẹ́ rẹ́ wa jẹ, nígbà tí kò dá a lójú pé ẹnikẹ́ni ń wo òun.

Ó ní, "Dádì, owó wọn ni."

Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ kẹ̀kẹ́ ná.