Èsì wa sí oníbàárà wa ní Iléṣà lórí àkáǹtì tó di mẹ́ta

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun tí ẹ wá àyè láti kọ èrò yín nípa ètò kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì yín ní Iléṣà fi ń bójú tó ìwé àdéhùn adójútòfò. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni ẹ fún wa. Ẹ ní oníbàárà yín kan, obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, wà nínú ètò náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wá bọ́tìnnì tí ẹ ó fi pa méjì rẹ́, ẹ kò rí i. Ẹ ní nígbà tí ẹlòmíràn ta ọkọ̀ rẹ̀, ètò náà kọ̀ kí ẹ fi orúkọ ẹni tó rà á rọ́pò tirẹ̀. Ẹ tún ní kò gbà kí ẹ tẹ ìwé ẹ̀rí jáde fún ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa, nítorí pé owó rẹ̀ kò tí ì wọlé. Gbangba níbí ni a ó ti dáhùn, torí pé àwọn alágbàtà àti aṣojú mìíràn ti bi wá ní irú ìbéèrè yìí lórí fóònù, ó sì yẹ kí gbogbo wọn rí ìdáhùn kan náà.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì ló gba àlàyé jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì adójútòfò, fáìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń ṣí fún ìwé àdéhùn kọ̀ọ̀kan: ti ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti iná ṣọ́ọ̀bù lọ́tọ̀, ti ẹrù tó wà lójú ọ̀nà lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé orí kọ̀ǹpútà, àṣà yẹn náà ni wọ́n ń bá lọ, kaṣíà á sì máa ṣí àkáǹtì tuntun nígbàkúùgbà tí oníbàárà bá ra ìwé àdéhùn mìíràn. Nínú ètò tiwa, àkáǹtì dúró fún ẹni náà fúnra rẹ̀, tàbí fún ilé iṣẹ́ náà. Gbogbo ìwé àdéhùn tó bá ní, yálà méjì tàbí mẹ́wàá, abẹ́ àkáǹtì kan ṣoṣo ni wọn yóò wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ àti ọjọ́ ìparí tirẹ̀. Bí aláṣọ yẹn bá pè yín pé òun ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù òun, ibì kan ṣoṣo ni ẹ ó ti tún un ṣe, ìránnilétí fún ọkọ̀ rẹ̀ àti fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò sì máa lọ sórí nọ́ńbà tuntun. Níbi tó ti wà lẹ́ẹ̀mẹta, kò ṣòro kí ẹ gbàgbé ọ̀kan, èyí tí ẹ bá sì gbàgbé ni ìwé àdéhùn rẹ̀ yóò parí láìjẹ́ pé ó gbọ́.

Kí ló dé tí a kò wá fi bọ́tìnnì ìparẹ́ síbẹ̀? Nítorí pé àkáǹtì tí ìwé àdéhùn ti wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ọ́fíìsì yín nìkan mọ́. Rìsíìtì so mọ́ ọn, ìṣirò owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò so mọ́ ọn, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, sì lè ní kí ilé iṣẹ́ náà kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ oníbàárà yín kan gbá ọlọ́kadà ní Òṣú ní oṣù kọkànlá, tí ìwé àdéhùn rẹ̀ sì parí ní oṣù kejìlá. Ẹni tí wọ́n gbá lè wà ní ilé ìwòsàn wọ ọdún tuntun kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó wá béèrè owó. Ọjọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ni wọn yóò wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n wá. Bí ẹ bá ti pa àkáǹtì náà rẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní, kí ni ẹ fẹ́ kó síwájú wọn? Àkáǹtì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí kò ní ìwé àdéhùn tàbí owó kankan lábẹ́ rẹ̀, ẹ lè fagi lé e láti ojú ewé rẹ̀, ìyẹn wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ṣe fún irú ọ̀ràn yín ni ìdàpọ̀ àkáǹtì. Ẹ ó yan èyí tí yóò kù, ẹ ó sì yan èyí tí yóò wọnú rẹ̀. Gbogbo ìwé àdéhùn, rìsíìtì, ìbéèrè fún owó òfò àti fọ́tò ìwé tí ẹ ti fi pamọ́ yóò ṣí lọ sábẹ́ èyí tó kù. Èkejì yóò wà ní títì, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi nọ́ńbà àtijọ́ rẹ̀ wá a, yóò darí onítọ̀hún sí ibi tó yẹ. Orúkọ òṣìṣẹ́ tó dà wọ́n pọ̀ àti ọjọ́ tó ṣe é yóò wà lákọsílẹ̀. Nọ́ńbà ìwé àdéhùn kì í yí padà, nítorí náà ìwé ẹ̀rí tó wà nínú ọkọ̀ oníbàárà, àti ohun tí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yóò rí bí wọ́n bá yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò lórí NIID, ibi ìpamọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò Nàìjíríà ń bójú tó, yóò wà bí wọ́n ṣe wà. Ní tiwa o, àkáǹtì tí NIN ti wà lórí rẹ̀ ló yẹ kó kù, kódà bí ó bá jẹ́ òun ni ẹ ṣí kẹ́yìn.

Ẹ béèrè ìdí tí ètò náà kò fi dà wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n jọra. Ó lè ṣe é. Àwa ni a kò gbà fún un. Ẹ wo àwọn ìbejì: Táíwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, bí wọ́n bá sì ṣì ń gbé nílé, ó lè jẹ́ nọ́ńbà fóònù ìyá wọn ni àwọn méjèèjì fi sílẹ̀. Ta ni nínú wa, ní Ifẹ̀ tàbí ní Iléṣà, tí kò ní ìbejì nínú ìwé oníbàárà rẹ̀? Ẹ tún wo akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fi nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan náà lè jẹ́ Ṣeun lórí ìwé ọkọ̀, kó jẹ́ Oluwaseun láìsí àmì kankan lórí NIN. Obìnrin lè fi orúkọ bàbá rẹ̀ ra ìwé àdéhùn kan, kó sì fi orúkọ ọkọ rẹ̀ ra èkejì. A sì ti rí àkáǹtì tí kaṣíà kọ “Ìyá Bísí” sí, tí kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ àfi iye tí Ìyá Bísí san. Ìdí nìyí tí ètò náà fi ń dábàá, tí ènìyàn sì ń pinnu. Ìdàpọ̀ tó bá ṣì, iṣẹ́ ńlá ni láti tú u: ìtàn ìjàǹbá ẹnì kan yóò hàn lórí ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó rẹ̀, ìránnilétí tó ní nọ́ńbà ọkọ̀ yóò sì bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sì béèrè pé kí àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn jẹ́ òótọ́, kí ó sì wà ní ààbò.

Ti ọkọ̀ tó di ti ẹlòmíràn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àdéhùn náà wà láàárín ilé iṣẹ́ adójútòfò àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Wọn kò mọ ẹni tó ra ọkọ̀ náà, wọn kò sì tí ì gbà láti ru ewu tirẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹ bá yí orúkọ orí àkáǹtì padà, gbogbo ìwé àdéhùn yòókù tó wà lábẹ́ rẹ̀, títí kan ti ilé tí ẹni tó ta ọkọ̀ ń gbé, ni yóò di ti ẹni tó ra ọkọ̀. Ẹ fi òpin sí ìwé àdéhùn ọkọ̀ náà lábẹ́ ẹni tó tà á, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹni tó rà á ti ní àkáǹtì lọ́dọ̀ yín kí ẹ tó ṣí tuntun fún un. Níbi tí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ti fọwọ́ sí i pé kí àdéhùn náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tuntun, ẹ so ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí mọ́ ọn, ètò náà yóò sì gbé e lọ.

Ní ti ìwé ẹ̀rí tí kò jáde, a kò ní yí ìyẹn padà fún ẹnikẹ́ni. Apá 50 nínú Òfin Adójútòfò ọdún 2003 ló fi lélẹ̀ pé sísan owó ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, àti pé kò sí ààbò níbi tí wọn kò bá ti san owó sílẹ̀; òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn ṣì wà. A mọ̀ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 tí owó àdéhùn ẹni-kẹta (èyí tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe ní jàǹbá) fún ọkọ̀ àdáni ti kúrò ní ₦5,000 lọ́dún tó di ₦15,000, àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ìlú òṣómàáló sì ni Iléṣà. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ni ẹ kọ́ ilẹ̀ Yorùbá bí a ṣe ń tajà láwìn, tí a sì ń gba owó rẹ̀ láìku kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí òṣómàáló tà láwìn ti wà lọ́rùn ẹni tó rà á. Ààbò tí a kò tí ì san owó rẹ̀ kò sí níbì kankan, ìwé ẹ̀rí tó bá sì sọ pé ó wà ń purọ́ fún ọlọ́pàá àti fún ẹni tí ọkọ̀ náà bá gbá. Ohun tí ètò wa ń ṣe ni pé ó ń pa gbogbo ohun tí ẹ ti kọ mọ́ gẹ́gẹ́ bí àbá iye owó. Ní kété tí owó bá wọ báńkì, kaṣíà yóò fi nọ́ńbà rìsíìtì sí i, ìwé ẹ̀rí yóò sì jáde láìjẹ́ pé ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

A kò ní sọ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín ní gbangba, ṣùgbọ́n níbi tí àkáǹtì bá ti ń di púpọ̀ báyìí, ohun tí a sábà máa ń rí ni pé kaṣíà mẹ́ta ń lo ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo, tí kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó ṣí èwo. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. A kì í gba owó lé e. Ẹ sì ní kí wọ́n máa fi nọ́ńbà fóònù wá oníbàárà kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì, kí wọ́n má fi orúkọ wá a nìkan.

Ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dán ìdàpọ̀ náà wò. Ẹ fi ti aláṣọ yín bẹ̀rẹ̀: ẹ gba NIN rẹ̀, ẹ fi wé ohun tó wà lórí àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é ní ìparí oṣù tí ẹ ń bá ilé iṣẹ́ adójútòfò ṣírò owó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì yín, òṣìṣẹ́ wa lè wá láti ọ́fíìsì wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, láìgba owó; ẹ fi ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ránṣẹ́ láti ojú ewé ìrànlọ́wọ́ nínú ètò náà.