Ẹ Bá Wa Pa AC Yìí!

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún ọ̀gá wa pé yìnyín ń já bọ̀ ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́? Mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, mo bá ìwé gbàgàdà kan lára ògiri, ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀gá dà kọ: "Bí A Ó Ṣe Tọ́jú Ara Wa Nígbà Òtútù." Kí a tan ẹ̀rọ amúlégbóná. Kí a máa jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé kí oòrùn lè kàn wá lára. Kí a máa lo fítámìn D. Ẹ̀yin ọmọ Líṣàbi, Abẹ́òkúta rèé o! Oòrùn tó ń sun àwọn onípàtẹ lórí ní Kútọ̀, òun náà la fẹ́ máa wá kiri lójú fèrèsé? Òkè ẹ̀rọ omi mímu ni wọ́n tún wá lẹ ìwé ọ̀hún mọ́, ẹ̀rọ tí a ò rí omi nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé.

N ò bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà. Ọ̀rọ̀ ìlú wọn ni wọ́n sọ. Lóṣù Kejìlá, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti wọ̀. Ẹlòmíì á jáde nílé lókùnkùn, á tún wọlé lókùnkùn. Láti ọdún 1984 làwọn dókítà ti fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá irú ìgbà yẹn rìn lórúkọ. Fítámìn D náà, ìjọba wọn ló ní kí wọ́n máa lò ó, torí oòrùn wọn kì í tó nígbà òtútù. Èwo ló kàn wá níbẹ̀?

Ibi tó kàn wá gan-an, ọ̀gá fò ó. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí yàrá tí èèyàn ti ń jókòó ṣiṣẹ́ má tutù ju ìwọ̀n 16 lọ. AC tiwa ńkọ́? 16 géérégé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, rìmóòtù sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá! Ibi tí òtútù àwọn òyìnbó parí sí làwa ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọyẹ́! Ọyẹ́ tó gbé eruku Sàhárà bọ̀ láti apá Chad, tó ti là wá létè bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, tí imú ẹlòmíì ń ṣẹ̀jẹ̀, AC wá ń fa omi tó kù lára wa. Ọ̀gá ní ooru ń mú òun. Kò ní mú un kẹ̀? Kóòtù àti táì ló ń wọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀!

Ẹnì kan wà láàárín wa tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Òtútù àti àìmu omi tó wà lára ohun tó máa ń ta ìrora yẹn jí, a sì ń fún un ní méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín AC kù, wọ́n ní kó lọ ra súwẹ́tà. Ìrora dé, kò lè wá, ó fi ìwé dókítà ránṣẹ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tí dókítà bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀ lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ 12 láàárín ọdún kan. Kúẹ́rì ni wọ́n fi dá tiwa lóhùn. Ní orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ẹnì 1 nínú 4 ti jẹ́ AS, ìyẹn àwọn tó lè bí àìsàn yìí mọ́ ọmọ, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá?

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ní tiwọn, eruku ni wọ́n ń jẹ látàárọ̀, ìbòmú kan ṣoṣo kò kàn wọ́n. Ìwé ìlera ò dárúkọ wọn, bóyá torí wọn ò ní tábìlì.

Wọ́n wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù: "Ọjọ́ Ìlera Òṣìṣẹ́" yóò wáyé lọ́jọ́ Ẹtì. Kéèkì yóò wà, a ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, àwa òṣìṣẹ́ la ó sì dá owó rẹ̀! Mo ní n ò san. Mo ní kí wọ́n fi owó kéèkì ra píọ̀ wọ́tà fún wa. Wọ́n ní mo fẹ́ dá rògbòdìyàn sílẹ̀.