Ẹ Má Da Gbogbo Omi Goldfish Nù Lójoojúmọ́

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra goldfish máa da gbogbo omi táǹkì rẹ̀ nù lójoojúmọ́, kó sì fi ọṣẹ fọ asẹ́ tó ń sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹja má baà kú. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ló ń di amóníà, májèlé sì ni fún ẹja. Bakitéríà, ìyẹn àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tó wà nínú asẹ́ ló ń sọ ọ́ di nitrite, tóun náà léwu, kó tó wá di nitrate tí ìpalára rẹ̀ kéré. Nínú táǹkì tuntun, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn bakitéríà yìí tó pọ̀ tó. Ọṣẹ á pa wọ́n.

Bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ fi oògùn tó ń pa chlorine, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, sí i.

Ẹ má fojú lásán wò ó o: omi tó mọ́ gaara lè kún fún amóníà. Ẹ ra ohun èlò àyẹ̀wò omi. Amóníà àti nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Tí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ omi díẹ̀ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.